Oṣù Èrèlé Kọ́ Ni À Ń Pààrọ̀ Olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní ilé-ìwé girama, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ gírámà sílẹ̀ lónìí, kí n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ má fòyà. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà yóò padà wá bá wa nínú kíláàsì.

Nínú oṣù Èrèlé, ọdún 2002, ni wọ́n fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́ pé kí n kúrò ní ilé-ìwé tí mo wà, kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní èdè Yorùbá ní ilé-ìwé kan ní Òkókómáíkò. N kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì nígbà náà. Ìwé-ẹ̀rí tí mo gbà nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ṣì ń dán lójú ara mi, mo sì gbà pé kò sí kíláàsì tí n kò lè kọ́. Obìnrin kan tó jù mí lọ dáadáa ni mo lọ rọ́pò rẹ̀. Láti SS1 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ náà bọ̀. Mọ́mì Yorùbá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti gbé òun náà lọ sí ibòmíràn. Ìdánwò WAEC ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà kò béèrè ibi tí ẹ̀kọ́ dé, èmi tí mo gbà á náà kò sì béèrè.

Kí oṣù yẹn tó parí ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Shaibu Amodu, akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles. Inú dánfó ni mo wà, láàárín Ìyànà Ìbà àti Òkókómáíkò, nígbà tí awakọ̀ gbé ohùn rédíò rẹ̀ sókè. Gbogbo ọkọ̀ pariwo. Ọkùnrin kan tó gbé tẹlifíṣọ̀n àlòkù lé orí itan láti ọjà Alábà ní, "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o!"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà. Ní oṣù Igbe 2001, Sierra Leone na Nàìjíríà ní àmì ayò kan sí òdo nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti dé ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Jo Bonfrère, ará Netherlands tó gba góòlù Olíńpíìkì fún wa ní Atlanta ní 1996, ló wà nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n sì pe Amodu. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù, kò sì gbọ́dọ̀ pàdánù. Ó na Liberia 2-0, ó na Sudan 4-0 nílé wọn, ó sì na Ghana 3-0 ní Port Harcourt ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ. Àmì ayò mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò sì gbá ẹyọ kan wọlé wa. Báyìí ni a ṣe rí ọ̀nà lọ sí Japan àti Korea. Nígbà tí ọdún 2002 wọlé, ikọ̀ náà lọ sí Mali fún ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Senegal na wọ́n ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n sì ṣe ipò kẹta. Ìpò kẹta yìí ló bí ìbínú. Wọ́n yọ Amodu, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Olóyè Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́. Ọjọ́ 2 oṣù Òkúdù ni a máa kojú Argentina. Kò tó oṣù mẹ́rin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìròyìn náà, mo wọ kíláàsì, mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí a jí lójú oorun. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin ni Onígbìndé wa?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo rín pẹ̀lú wọn. Orúkọ náà mọ́ mi lórí títí wọ́n fi jáde.

Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yẹn fi ń kọ́ wọn ní àròkọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́. Ọmọ kan á dìde, á sọ àròkọ náà tán bí ẹni ń pàlọ́, àwọn yòókù á bá a ṣe àtúnṣe, ìgbà náà ni wọn yóò tó mú bírò. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ariwo lásán ni mo rí i sí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo ní kí wọ́n lọ ra ìwé nóòtù tuntun. Mo kọ ìlapa èrò sójú pátákó: ìfáárà, kókó kìíní, kókó kejì, títí dé ìkádìí. Ìlapa èrò dára, mo ṣì ń kọ́ ọ títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fi ọdún méjì ààbọ̀ kọ́ bí a ṣe ń fi ẹnu ronú, èmi sọ fún un ní oṣù Ẹrẹ́nà pé kó máa fi àpótí onílà ronú kó tó di oṣù Èbìbí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń ṣe ìdánraṣe ìkọ́ni láti LASU, tó ti ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì Mọ́mì Yorùbá láti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tí ẹ̀rù fonẹ́tíìkì ń bà àti ẹni tó jẹ́ pé ìwé eré-onítàn nìkan ló kà. N kò bi í ní ohunkóhun ju ibi tí ṣọ́ọ̀kì wà lọ.

Oṣù Òkúdù dé. Nítorí pé Japan ṣáájú wa ní wákàtí mẹ́jọ, òwúrọ̀ ni a ń wo bọ́ọ̀lù náà. Lọ́jọ́ Sunday tí a kojú Argentina, Batistuta kan bọ́ọ̀lù kan lórí, ó wọlé, ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 7, Julius Aghahowa gbá tiwa wọlé, ó sì takìtì lọ bí ẹyẹ. Inú wa kò tíì dùn tán tí Larsson ará Sweden fi gbá méjì wọlé. Ìrìn-àjò ti parí nìyẹn. Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Wednesday, ọjọ́ 12, ni ti England, ìdánwò WAEC sì ń lọ lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù onígèrígèrí kan lẹ́bàá títì Àgbádárìgì ni mo ti rí ìdajì àwọn ọmọ mi nínú aṣọ ilé-ìwé, tí wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Ó yẹ kí n lé wọn. Mo bá wọn yọjú. Nígbà tó di pé kò sí ohun tí a lè pàdánù mọ́ ni Onígbìndé gbé Vincent Enyeama, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, sí ojú ilé, tó sì jẹ́ kí Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọlé. Ọ̀mì aláìláyò ni. Àmì kan ṣoṣo ni a kó wálé.

Ọmọ tó fún mi lórúkọ yẹn bojú wò mí níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwọn ènìyàn bú Onígbìndé gan-an ní ọdún yẹn, pàápàá nítorí pé Sunday Oliseh àti Finidi George, tí wọ́n ti wà nínú ikọ̀ náà ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé 1994, kò bá wọn dé Japan. Wọ́n gbàgbé pé ọkùnrin yìí kan náà ló mú Nàìjíríà dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan ní 1984, tí Cameroon fi na wá 3-1. Kì í ṣe òpè. N kò tíì rí ẹni tó kọ́ tíṣà nílé-ìwé tí kò ní mọ ohun tó ṣe é: a gbé ilé tí ẹlòmíràn ń kọ́ lé e lọ́wọ́, ó ku òrùlé, a sì ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ìwọ náà á fẹ́ wó ògiri kan.

Ní oṣù Ògún, èsì WAEC jáde. Àwọn kan ṣe dáadáa, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà tí ilé wọn kò jìnnà sí Alábà, tó jẹ́ pé tó bá sọ àròkọ lẹ́nu, ẹ ó fẹ́ dákẹ́ gbọ́ ọ. Yorùbá ló fẹ́ lọ kà ní LASU. D7 ni wọ́n fún un. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó di ìwé èsì náà mú, kò sunkún. Ó ní, "Sà, mo ń ronú ìlapa èrò títí aago fi lù." Ó tún ìdánwò náà ṣe ní ọdún kejì, ó sì yege. Ọdún kan ti lọ lára rẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi òwò ata kó jọ sì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo ọjọ́ tí wọ́n ń yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá ju ìdí tí wọ́n fi ń yọ ọ́ lọ. Ìdí kì í wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí iṣẹ́ tí gbogbo ìlú ń wò, ẹ ó rí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ ni kí a máa wò, nítorí òun ló ń sọ ẹni tí yóò san gbèsè náà. Amodu gba iṣẹ́ ní oṣù Igbe 2001 nígbà tí iná ń jó, ó sì rí i pa. Bẹ́ẹ̀ ọdún kan ó lé ni ife ẹ̀yẹ àgbáyé fi jìnnà sí i. Philippe Troussier mú wa yege fún ti 1998, Bora Milutinović ló wá kó wọn lọ sí France. Wọ́n na Spain 3-2, gbogbo wa jó, Denmark sì fi 4-1 lé wa wálé ní ìpele kejì. Ìyẹn kò burú bí ó ti yẹ kó burú, ó sì lè jẹ́ pé òun ló tàn wá jẹ.

Ti 2010 ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ohun tí àwítúnwí jẹ́. Amodu yìí kan náà ni wọ́n tún pè padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Bélú 2009, Ọbáfẹ́mi Martins gbá méjì wọlé ní Nairobi, a na Kenya 3-2, a sì tún rí ọ̀nà, lọ́tẹ̀ yìí sí South Africa. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2010, ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Angola: ipò kẹta. Oṣù Èrèlé: wọ́n yọ Amodu. Wọ́n gbé Lars Lagerbäck wá láti Sweden, ilẹ̀ tó na wá ní 2002. Ẹ wá gbọ́ èsì rẹ̀. Argentina na wá 1-0. Greece na wá 2-1. A ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú South Korea. Ẹ padà lọ wo ti 2002 lókè: Argentina 1-0, Sweden 2-1, ọ̀mì pẹ̀lú England. Tó bá jẹ́ ọmọ ilé-ìwé méjì ló kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá fún mi, mo máa pe àwọn méjèèjì jáde pé ta ló wo ìwé ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Amodu mú wa dé ẹnu ọ̀nà ife ẹ̀yẹ àgbáyé, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá wa rí. Ó kú ní Benin ní oṣù Òkúdù 2016, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí Stephen Keshi kú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù Èrèlé ni? Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ife ẹ̀yẹ Áfíríkà àti ti àgbáyé máa ń bọ́ sínú ọdún kan náà, 2002, 2006, 2010. Ti Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ti àgbáyé ní àárín rẹ̀. Ìdíje àkọ́kọ́ ló ń bí wọn nínú, èkejì ni wọ́n fi ń gbẹ̀san. Láti 2013 ni wọ́n ti gbé ti Áfíríkà bọ́ sí ọdún mìíràn, mo sì rò pé àrùn náà yóò san. Ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ 2021 ni wọ́n yọ Gernot Rohr, tó ti wà níbẹ̀ láti 2016. Ìdíje Áfíríkà tí àrùn Kòrónà ti sún síwájú yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n! Wọ́n fi Augustine Eguavoen ṣe adelé. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún kéde pé José Peseiro, ará Portugal, ni yóò gba àga náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ti gbé àga ẹni tó ń bọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eguavoen borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́, Tunisia lé e jáde. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, Ghana ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú wa ní Abuja, wọ́n sì fi góòlù tí wọ́n gbá nílé onílé gba ọ̀nà Qatar mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni FIFA dájọ́ pé kí wọ́n san owó tó lé ní 370,000 dọ́là fún Rohr.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń gbé ní Houston máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń sọ èyí. Ó ní kí n wá wo Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn yunifásítì ti ń yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá bí ẹni yọ ẹ̀gún. Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀, ó rí bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Òun ló sọ fún mi nípa LSU (kì í ṣe LASU tiwa ní Ọ̀jọ́ o, Louisiana ni tiwọn wà), tí wọ́n lé Brian Kelly ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà 2025 láàárín ìdíje, tí gbèsè àdéhùn rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Mo ní, "Àwọn náà ya wèrè." Ó ní rárá o, sà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ń fọwọ́ sí ìwé yunifásítì tí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù fún. Yunifásítì tó bá dúró di ìparí ìdíje yóò bá ọjà tó ti tú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tètè lé ẹni tí wọ́n máa lé. Kí oṣù Bélú tó parí, LSU ti rí Lane Kiffin mú láti Ole Miss, ìyẹn tí ikọ̀ tirẹ̀ ṣì ní ìdíje ńlá níwájú. Ole Miss kò sì jẹ́ kó bá wọn gbá a. Mo ṣì rò pé ìwọra pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ tó gba Kiffin gbọ́ ni àánú wọn ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n ní kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ kí wọ́n tó bínú.

Ẹnìkan á ní, Ivory Coast ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, Equatorial Guinea na wọ́n 4-0 nílé ara wọn. Wọ́n yọ Jean-Louis Gasset láàárín ìdíje. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ yá Hervé Renard lọ́wọ́ France, France kò gbà. Wọ́n bá fi Emerse Faé, igbákejì Gasset, ṣe é. Ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé, Faé na Peseiro wa 2-1 ní àṣekágbá, ó gba ife. Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ Faé yìí títí. Ara ilé ni. Ó ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin LASU mi ni mo rí.

Ṣùgbọ́n ara ilé nìkan kò tó. Àdéhùn Peseiro parí ní ìparí oṣù Èrèlé yẹn. Àga ṣófo fún oṣù méjì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Igbe ni wọ́n tó fi Finidi George sí i, òun tó ti jẹ́ igbákejì Peseiro. Kò pé oṣù kan ààbọ̀ tó fi ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Uyo, tí Benin sì na án 2-1 ní Abidjan. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Benin? Gernot Rohr. Finidi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kéde Bruno Labbadia, ọ̀rọ̀ owó-orí bà á jẹ́ kó tó dé. Nígbà tí Éric Chelle dé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ti lọ, àmì mẹ́ta péré la ní. Ó sá gbogbo ipá rẹ̀. Ní Rabat, ní ọjọ́ 16 oṣù Bélú, DR Congo fi pẹnárítì ti ilẹ̀kùn ife ẹ̀yẹ 2026 mọ́ wa.

Oṣù Èrèlé 2024 yẹn, lẹ́yìn àṣekágbá Abidjan, ni lẹ́tà tèmi náà dé. Ìbà ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà, SS3 wà lọ́wọ́ mi láti SS1, ó ní kí n máa lọ sí Ọ̀jọ́. Mo lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n dúró dé ìparí ìdánwò. Wọ́n gbọ́ mi tán pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní ìwé ti jáde.

Àǹtí tó fẹ́ rọ́pò mi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìwé nóòtù tuntun wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní Saturday méjì. Ní àkọ́kọ́, a jókòó sínú kíláàsì tó ṣófo, mo ko gbogbo ìwé àwọn ọmọ náà kalẹ̀, a ń tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ orúkọ mọ́kànlélógójì sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú wọn ló máa ń fi ẹnu sọ ọ́ kó tó kọ ọ́?"